Ibi tí Àtàǹpàkò Kọjú Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ eléyìí. Ẹni tó bá rí i á rò pé adìyẹ ló rìn lórí ìwé. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń na ọwọ́ mi ní ilé ìwòsàn ló ní kí n máa kọ nǹkan díẹ̀ lójoojúmọ́, ohun yòówù kó jẹ́, kí òsì lè mọ iṣẹ́ tí ọ̀tún fi sílẹ̀. Mo bi í pé kí ni kí n máa kọ. Ó ní kí n kọ bó ṣe ń ṣe mí.

Kò ṣe mí bákan.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Oòrùn mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó kí mi kú ewu, ó kí mi kú àmódi, ó ní ojú mi ti mọ́ díẹ̀. Ó ń gbé ìwé kan láti ọ̀tún tábìlì lọ sí òsì, ó ń gbé e padà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Tíṣà tuntun tí wọ́n gbà nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀ ló ń kọ́ kíláàsì mi ní físíìsì báyìí, kíláàsì tó ń jáde lọ́dún yìí gan-an. Alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Kí n gba kíláàsì náà padà ná, kí n máa kọ́ wọn títí ìgbà náà, kí alábẹ̀wò wá jókòó wò mí. Bí iṣẹ́ mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo ni kíláàsì mi. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn á gbé mi lọ sí ilé ìkàwé, kí n máa fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀yìn ìwé títí n óò fi fẹ̀yìn tì.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìlera ni, mà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo ní mo mọ̀. Ó yẹ kó bí mi nínú. Mo wo ojú fèrèsé. Ẹnì kan ń gbálẹ̀ níta, ó ń gbá eruku náà láti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀kọ́ tó kàn ni òrùka wáyà: bí iná bá ń yí po nínú wáyà, ibo ni agbára òòfà á kọjú sí? Mo ti kọ́ ọ láìmọye ìgbà, mo lè kọ́ ọ lójú oorun. Ọwọ́ la fi ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ilé ìwòsàn. Mo ti sọ ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní Díẹ̀-sí-i, torí pé "ẹ jẹ́ ká nà á díẹ̀ sí i" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi lè jù ú lọ. Ó na àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ká wọlé bí ìka ẹni tó di ife mú, àtàǹpàkò sì sá pamọ́ sáàárín wọn. Bó bá nà wọ́n tán, tó fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á rọra padà sílé wọn.

Ó mú abẹ́rẹ́, ó gún mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ṣé ó dùn yín, mà?" Mo ní kò dùn mí. Ó gún orí ìka. Kò dùn mí. Ó gún ọrùn ọwọ́. Mo ní kó máa gún un lọ, mi ò sí nílé.

Bàálé mi ló ń dáná láti ìgbà tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀. Ó máa ń ti orí takisí rẹ̀ bọ̀ lọ́sàn-án, á wọ ilé ìdáná, á máa bá ìkòkò jà. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó ní ṣé ó dùn. Mo ní ó dùn. Ó wò mí títí. Ó ní òun gbàgbé iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ọmọ wa obìnrin pè láti ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lóyún. A ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, débi pé a kì í béèrè mọ́. Bàálé mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fi fóònù sí mi létí. Mo ní, "Inú mi dùn gan-an, ọmọ mi." Ẹnu ló sọ ọ́. Mo wá inú náà kiri lẹ́yìn tó pa fóònù, mi ò rí i.

Ọjọ́rú, 12

Mo gba kíláàsì lónìí. Mo wọ súwẹ́tà nínú oòrùn yìí torí pé òun ló ní àpò tó jìn. Mo ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpò kí n tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní láti máa wò ó.

Mo gbé òrùka wáyà náà nàró sórí tábìlì, mo so ó mọ́ bátìrì, mo fi kọ́ńpáàsì kékeré sí àárín rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ká ìka bí iná ṣe ń yí nínú wáyà, kí wọ́n na àtàǹpàkò, pé ibi tí àtàǹpàkò bá kọjú sí ni àríwá òòfà náà wà, ibẹ̀ náà sì ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì á kọjú sí. Mo ká ìka, mo nà án. Gbogbo wọn ká ìka, wọ́n nà án. Àtàǹpàkò mi kọjú sí fèrèsé. Mo tan iná sí i. Abẹ́rẹ́ yí bìrí, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú tí mo ń pè ní Kí-nìdí, torí bí ènìyàn bá ní ilẹ̀ mọ́, á béèrè ìdí rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan lónìí. Ó ní, "Kọ́ńpáàsì yẹn ló ti bàjẹ́, mà." Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bàjẹ́. Mo gbà. Bí wọ́n bá kó kọ́ńpáàsì pọ̀ mọ́ òòfà nínú àpótí kan, orí rẹ̀ lè dàrú. Mo mú òmíràn. Ìyẹn náà kọjú sí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìyẹn náà ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ra kọ́ńpáàsì tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun èlò ìkọ̀wé nítòsí ilé ìwòsàn. Gbogbo nǹkan ti wọ́n. Mo gbé e sórí tábìlì nílé, ó kọjú sí àríwá bó ṣe yẹ. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò kì í ro nǹkan jìnnà mọ́. Bí mo bá rò ó dé ibì kan, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan pa iná.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí fún ẹlòmíràn. Èmi tí mo dúró níwájú omi láàárọ̀ yìí, òsì wẹ ọ̀tún, ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó wá ku ẹni tó máa wẹ òsì. Bàálé mi bá mi wẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má fi owó iṣẹ́ òun falẹ̀. Mo mọ̀ pé àwàdà ni, mo sì fi eyín hàn án.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Díẹ̀-sí-i gbé dígí kan wá. Ó gbé e nàró láàárín tábìlì, ó fi ọwọ́ tó kú sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí mi ò ti lè rí i, ó ní kí n gbé òsì síwájú rẹ̀, kí n máa ṣí i, kí n máa pa á dé, kí n má sì gbé ojú kúrò nínú dígí. Ó ní ọpọlọ lè gbà pé ọ̀tún ló ń ṣe é.

Mo wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló wà níbẹ̀. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, kò ṣe é bíi pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó mi nìkan ló wà lọ́wọ́ tí kì í wà. Láìrò ó, mo ní kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó ká ìka, ó na àtàǹpàkò sókè.

Mo wá wo èyí tó wà níwájú dígí. Àtàǹpàkò méjèèjì nà sókè. Ìka ọ̀kan ń yí síhìn-ín, ìka èkejì ń yí sọ́hùn-ún.

Díẹ̀-sí-i ní, "Ṣé ẹ rí nǹkan ni, mà?"

Mo ní rárá. Òfin ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Mo fi òsì kọ́ wọn. Kọ́ńpáàsì kankan ò bàjẹ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni; èmi fi júwe àríwá fún odidi kíláàsì tó ń lọ ṣe ìdánwò, mo sì ra kọ́ńpáàsì tuntun lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo rò pé dígí náà á gbà mí. Bí ọwọ́ inú rẹ̀ bá ti jẹ́ ọ̀tún, kí n gbé e lọ sí kíláàsì, kí wọ́n máa wo inú rẹ̀. Mo gbé dígí ìfárùngbọ̀n bàálé mi kalẹ̀, mo to òrùka wáyà, bátìrì àti kọ́ńpáàsì síwájú rẹ̀, mo fi òsì ká a. Ọwọ́ inú dígí dára. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ inú dígí ṣì kọ ẹ̀yìn sí àtàǹpàkò. Dígí yí ọwọ́ padà, ó sì yí iná inú wáyà padà pẹ̀lú. Ibi tí irọ́ wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Bàálé mi ń wá dígí rẹ̀ kiri ilé. Ó jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo sọ fún wọn. Mo dúró níwájú wọn, mo ní ohun tí mo fi kọ́ yín lọ́sẹ̀ náà, ọwọ́ òsì ni mo lò, ìdàkejì rẹ̀ ni òótọ́, ẹ fà á rẹ́. Mo ń retí ariwo. Kò sẹ́ni tó gbé bírò.

Kí-nìdí dìde. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "A mọ̀, mà."

Mo ní kí ni wọ́n mọ̀.

Ó ní láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé ohun tí mo bá sọ nípa òrùka wáyà, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, bó bá di ọjọ́ ìdánwò, àwọn á yí i padà. Ó ní, "A ò fẹ́ kí ẹ rò pé à ń wo ọwọ́ yín ni, mà."

Mo ní kó jókòó. Mo kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn títí aago fi lù. Ọwọ́ náà wà nínú àpò ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí mo jáde ni mo rí i pé súwẹ́tà tí mo fi bò ó, kíláàsì látòkèdélẹ̀ ni wọ́n ń bá mi dì í mú.

Ọjọ́rú, 26

Òjò àkọ́kọ́. Ó rọ̀ wọ yàrá àwọn tíṣà láti ojú fèrèsé tí kì í tì.

Tíṣà tuntun fa àga tì mí. Ọmọ dáadáa ni, mi ò lè ní kò dára. Ó ní kí n má wulẹ̀ lo ọwọ́, kí n fi aago kọ́ wọn: bí iná bá ń yí bí ọwọ́ aago, gúúsù ni ojú òrùka yẹn, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àríwá ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í rántí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ń wò ó, ọwọ́ sì ni ìdánwò máa ń béèrè. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí òun dúró tì mí lọ́jọ́ alábẹ̀wò, kí òun yá mi ní ọwọ́ ọ̀tún.

Mo ní ó ṣé. Ọwọ́ àyálò. Ilé ìkàwé kò burú ṣá, ó ní òrùlé.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ọ̀la ni. Mo dán bátìrì ilé ẹ̀kọ́ wò, wọ́n ti rẹ̀, abẹ́rẹ́ kàn ń mì bí orí arúgbó ni. Bàálé mi ní òun á yọ bátìrì takisí fún mi, òun á fi ọ̀la sinmi. Ó gbé e wá sórí tábìlì oúnjẹ kó fi hàn mí. Ó ní, "Ìyá wọn, eléyìí kì í ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì o. Má jẹ́ kó pẹ́ lára wáyà, á yan nǹkan." Mo ní mo gbọ́.

Ó bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Mo wò ó bóyá ó ń bà mí. Kò bà mí. Mo fẹ́ kíláàsì yẹn. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Alábẹ̀wò náà obìnrin ni, ẹgbẹ́ mi, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà tuntun dúró nítòsí tábìlì, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń dúró kí n pè é.

Mo ṣàlàyé iná, mo ṣàlàyé òrùka. Ó wá kan ọwọ́. Kíláàsì ń wò mí. Mo rí i pé wọn kò wo àpò mi. Wọ́n ń sapá láti má wò ó, gbogbo ojú wọn lọ sí ojú pátákó bíi pé nǹkan wà níbẹ̀. Ojú pátákó mọ́ nigín-nigín.

Mo fi òsì fa ọ̀tún jáde nínú àpò. Mo gbé e sórí tábìlì níwájú wọn.

Mo ní, "Ọwọ́ mi nìyí. Ó ti kú. Ẹ wò ó dáadáa, torí òun ló máa kọ́ yín."

Ìka mẹ́rin náà ti ká. Láti ìgbà tí Díẹ̀-sí-i ti ń bá wọn jà kí wọ́n má ká ni wọ́n ti ń ká, bí ẹní mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀. Mo gbé e, mo fi àwọn ìka náà tẹ̀lé ara wáyà bí iná á ṣe yí nínú rẹ̀, wọ́n sì dì mọ́ ọn. Mo wá àtàǹpàkò láàárín wọn, mo fà á jáde, mo fi òsì nà án gbọnrangandan. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo ní kí tíṣà tuntun tan iná. Abẹ́rẹ́ yí bìrí, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Mi ò yára. Mo jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan dìde wá wò ó nítòsí. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n dáhùn. Òórùn kan ń tú jáde lára wáyà. Kí-nìdí tẹ̀ síwájú, ó ní, "Mà, ṣé wáyà yẹn ò gbóná?"

Mo ní kò gbóná.

A paná. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ orí bátìrì, mo yí ọwọ́ náà padà, mo tún gbé e lé e. Ó kọjú sí fèrèsé. Abẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Mo ní kí gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n ṣe é fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn gbé, àfi ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tí ẹnì kejì rẹ̀ gbá lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́. Bàálé mi ló rí i nígbà tó ń bá mi wẹ ọwọ́. Inú ìka méjì ti lé ròrò, omi kún inú rẹ̀, ibi tí wáyà gbà kọjá ti pọ́n bẹ̀lẹ́jẹ́. Ó di ọwọ́ náà mú. Ó ní, "Kò dùn ọ́?" Mo ní kò dùn mí. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi òróró pa á, ó fi aṣọ funfun dì í. Òun ló dà bí ẹni tó jóná.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ̀gá àgbà ní alábẹ̀wò ti dáhùn. Kíláàsì náà di tèmi títí wọn á fi jáde, tíṣà tuntun á máa bá mi ṣe èyí tó bá gba ọwọ́ méjì. Ó gbọn ọwọ́ òsì mi títí. Mo dúpẹ́. Mo lọ sí ìdí fèrèsé tí kì í tì, mo jókòó síbẹ̀. Mo ń dúró kí ayọ̀ náà dé. Bóyá ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Díẹ̀-sí-i bá mi jà lórí ọwọ́ tó jóná. Ó gún mi lábẹ́rẹ́. Kò dùn mí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ọmọ wa tún pè. Oyún ń da oúnjẹ rú mọ́ ọn nínú. Mo ní kó pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Òjò rọ̀ mọ́jú. A ń jẹun àárọ̀. Ọ̀tún wà lórí itan mi nínú aṣọ funfun rẹ̀. Mo gbé ṣíbí dé ẹnu, mo gbé e padà sílẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́ kí n lè dá a lójú.

Mo ní, "Ó ń dùn mí."

Bàálé mi ń jẹun lọ. Ó ní òun rántí iyọ̀ lónìí ni.

Mo ní, "Kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ gbọ́, ó ń dùn mí."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ tì mí, ó ń tú aṣọ náà, ó ń béèrè pé níbo, níbo ló ti ń dùn ọ́. Ó ta mí ṣóńṣó bí ẹni fi ẹ̀gún gún ìdí ìka, omi sì ti gba ojú mi kan. Mo fi ọwọ́ òsì júwe rẹ̀ fún un.